Future Shock: géèmù 1995 tó ní kẹ́ ẹ gbójú sókè

Ẹ̀yin tí láptọ́ọ̀pù yín ti dàgbà, tí géèmù ìbọn tuntun kì í ṣí lórí ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. The Terminator: Future Shock lorúkọ géèmù náà. Bethesda Softworks ló gbé e jáde ní 1995, fún kọ̀ǹpútà ayé DOS, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde. Mo ti gbá a parí, mo tún ti padà sínú ẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú gbogbo géèmù tó jẹ́ pé ojú ara yín lẹ fi ń wo ogun, tó jẹ́ ọwọ́ yín àti ẹnu ìbọn nìkan lẹ̀ ń rí níwájú, díẹ̀ ló gbé ìlú tó ti dahoro kalẹ̀ tó báyìí.

Business centre ni mo ní ní Sango níbí, lápá Poly Ìbàdàn. Prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là ń tẹ̀, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a ń di ìwé. Mò ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹ̀rọ tí mo fi gbá a ni: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo rà ní Queen Cinema, RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ, kò sì ní káàdì àwòrán kankan tí wọ́n ṣe fún géèmù. Ìdí iṣẹ́ ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó di tèmi. CD géèmù náà wá látọwọ́ oníbàárà mi kan, bùrọ̀dá kan tí bàbá ẹ̀ gbé Amẹ́ríkà rí. Wọ́n ń kó ẹrù bàbá náà jáde nílé, bùrọ̀dá gbé páálí CD kan wá fún mi, wọ́n ní kí n mú èyí tó bá wù mí níbẹ̀. Èyí ni mo mú.

Ìtàn ẹ̀ kò ṣòro. Fíìmù Arnold tí gbogbo wa wò ló ti jáde. Amẹ́ríkà ṣe kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Skynet, wọ́n fa ìṣàkóso ohun ìjà lé e lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà lajú, ó ka ọmọ ènìyàn sí ọ̀tá, ó sì fi bọ́ǹbù pa ayé rẹ́. Ẹ̀rọ ló wá ń jọba lórí ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́ kù. Nínú géèmù yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni yín ní àgọ́ tí àwọn ẹ̀rọ ti ń pa èèyàn ní Los Angeles. Ẹ bọ́ níbẹ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun John Connor, olórí àwọn èèyàn tó ń bá ẹ̀rọ jà, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán yín níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tán. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó lọ́jú pọ̀, kó wá a síbòmíràn.

Ohun tó mú mi ni máòsì. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ò ka èyí sí nǹkan kan: ẹ ti máòsì síwájú, ojú yín gùn sókè, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ rí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Doom, géèmù ìbọn tó jáde ní 1993, tó sì gba gbogbo ayé kan. Ẹ ò lè gbójú sókè nínú Doom. Àwọn ọ̀tá inú ẹ̀ sì jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ, wọn ò nípọn rárá. Géèmù Quake ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ pé ó yí ìyẹn padà, bẹ́ẹ̀ Quake ò dé títí di oṣù kẹfà 1996. Future Shock ti wà nígboro ṣáájú ẹ̀. Ilé, ilẹ̀, ọkọ̀, àwọn ẹ̀rọ apànìyàn fúnra wọn, 3D gidi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ẹ̀, máòsì lẹ sì fi ń wo òkè àti ilẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló gbìyànjú ẹ̀ láyé ìgbà yẹn o, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ni. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọn ò kàn fi òkè síbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Wọ́n fi ikú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibì kan fún yín. Ilé alájà kan wà tí ògiri iwájú ẹ̀ ti wó, tó fi jẹ́ pé láti títì lẹ ti lè rí inú ẹ̀. Mo wọ ibẹ̀ lọ wá oògùn, nítorí ara mi ò yá mọ́. Mo rìn mọ́ ògiri. Mo gbọ́ ìró irin lórí kọnkéré. Mo yí sọ́tùn-ún, kò sí nǹkan; mo yí sósì, òfo ni. Mo wá rọra ń ti máòsì síwájú, ojú mi ń gun ògiri lọ, ó kọjá ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀, ó kọjá àwọn irin tó yọ jáde lára dẹ́kìn, títí mo fi bá ihò kan pàdé lójú àjà. Egungun irin kan, ìyẹn ẹ̀rọ Skynet tó rí bí egungun èèyàn, dúró létí ihò náà, ó dorí kodò, ó ń wò mí. Kò tíì yìnbọn. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń wo ara wa, mi ò rí irú ẹ̀ nínú géèmù tí wọ́n ṣe pẹ̀lú owó ńlá lẹ́yìn ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ 320 lórí 200 ni gbogbo ojú àwòrán náà, ìyẹn 64,000 ẹyọ tótóòtó péré. Fóònù tó wà lápò yín lónìí ju ìyẹn lọ lọ́nà tó pọ̀ jọjọ.

Ìró ló ṣìkejì iṣẹ́ náà. Òkùnkùn pọ̀ nínú géèmù yìí, ojú ọ̀run ò mọ́ kedere, ibi tó bá jìnnà díẹ̀ sí yín ti di dúdú. Ní àdúgbò wa, bí iná bá lọ lálẹ́, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú kí á tó mọ jẹnẹrétọ̀ ta ni wọ́n tan: ti onífọ́tò máa ń wúkọ́ kó tó dúró, ti oníyìnyín máa ń kùn láìsinmi, ti alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn máa ń hó bí wọ́n bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Báyìí gan-an ni etí mi ṣe kọ́ àwọn ẹ̀rọ Skynet. Èyí tó ń fò ní ohùn tiẹ̀. Èyí tó ń rìn lórí ẹsẹ̀ ní tiẹ̀. Àwọn ńlá tí wọ́n ń pè ní HK, ìyẹn àwọn tó ń ṣọdẹ èèyàn, ẹ máa gbọ́ wọn kẹ́ ẹ tó rí wọn, ohun tó sì yẹ ní ṣíṣe nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá ibi wọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ má fi sípíkà láptọ́ọ̀pù gbá a. Íápíìsì ni kẹ́ ẹ fi sétí, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì.

Àmọ́ ìlú náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Cocoa House jóná ní 1985, wọ́n sì ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n fi tún un ṣe tí wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Wọ́n máa ń sọ fún wa bí ilé alájà 26 yẹn, tí gbogbo Ìbàdàn fi ń yangàn láti 1965, ṣe dúró gogoro pẹ̀lú èéfín lójú fèrèsé, tí àwọn èèyàn sì ń na ọjà nísàlẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi Los Angeles inú géèmù náà hàn wọ́n. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n lọ wá nǹkan gidi ṣe. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Mo ń rìn kiri láàárín àwọn ilé tó ti jóná náà, wọn ò wo àwọn ẹ̀rọ rárá. Wọ́n kàn bi mí pé, "Àwọn tó ń gbé ibí yìí ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ti kú, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n tún wọ ilé kejì káwọn rí i.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn géèmù yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn ayé ìgbà náà, inú ihò ni wọ́n wà, ọ̀nà tóóró, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ pupa, kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ búlúù. Èyí gbé yín sí gbangba. Títì ni, afárá tó ti já ni, ilé tẹ́ ẹ lè wọ̀ tẹ́ ẹ sì lè jáde nínú ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń tì yín gba ojú ọ̀nà kan. Ẹ lè gba ẹ̀yìn ilé, ẹ lè gba àárín títì bí àyà yín bá le tó bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi kọ́ ọ, XnGine lorúkọ ẹ̀, Bethesda tún fi ṣe Daggerfall ní 1996, géèmù kan tí ilẹ̀ inú ẹ̀ fẹ̀ lọ salalu. Todd Howard, tó wá darí géèmù Fallout 3 ní 2008 àti Skyrim ní 2011, Future Shock wà lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe nílé iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ti rìn láàárín àwókù Washington nínú Fallout 3 rí, tó wá gbá èyí, máa mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ronú nípa ìlú tó wó.

Ìbọn pọ̀, mi ò ní kà wọ́n. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti orí Uzi àti àwọn ìbọn ọmọ ènìyàn, ẹ máa bá a dé orí lésà àti plasma. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgò bẹntiróòlù tí wọ́n ń sọná sí lẹ́nu tí wọ́n sì ń jù. Kì í lọ gbọọrọ bí ọta, ó máa ń gba òkè lọ kó tó wálẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fojú wọn ibi tó máa já sí. Níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ irin, ó dùn mọ́ mi láti fi ohun tí mẹkáníìkì lè dì lábẹ́ igi jó ẹ̀rọ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ṣẹ́gun, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Orí fóònù ló ti ń yìnbọn ní tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì yá. Ó jókòó, ó sáré jáde sí títì, ó ń yìn sọ́tùn-ún yìn sósì. Kò pẹ́, ó kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kú.

"Àǹtí, wọ́n ń yìn mí láti ibi tí mi ò rí!"

"Níbo lo wò?"

"Gbogbo ibi!"

"O wòkè?"

Ó dákẹ́. Nígbà tó tún wọlé, ó kọ́kọ́ dúró sábẹ́ ògiri, ó gbójú sókè, ó sì rí ẹ̀rọ tó ti ń pa á látàárọ̀, ó rọra ń fò yí ká orí ilé tó dojú kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti sáré nínú géèmù yìí mọ́. Ògiri lẹ máa bá rìn, ẹ máa fetí sílẹ̀, ẹ máa wá òkìtì àlàpà tẹ́ ẹ lè fara pamọ́ sí, ẹ máa yọrí yìn kẹ́ ẹ sì padà. Ẹni tó bá fẹ́ fi agídí gbá a, ó máa sú u. Ẹni tó bá ní sùúrù, ó máa jẹ̀gbádùn ẹ̀.

Ó ní àléébù, mi ò sì ní bò ó. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wa jíìpù. Jíìpù náà ò dáa. Ó ń yọ̀ níbi tí kò yẹ kó yọ̀, ẹ máa yí i díẹ̀, ó máa yí pọ̀, ẹ máa kọlu àlàpà, àwọn ẹ̀rọ á sì dé bá yín níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti gbà yín láàyè láti fi HK tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá fò sàn jù ú lọ, ẹ máa rí gbogbo ìlú náà látòkè, ṣùgbọ́n òun náà ò gbádùn tó kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ yín rìn. Ìgbà míì, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá láàárín ilé tó jọra wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ sì lè yí ká títí tí ojú yín á fi wú. Àwọ̀ ẹ̀ náà, eérú àti ìpẹtà ló pọ̀ jù, ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ tó ń tàn máa ráhùn. Èmi ò ráhùn sí ìyẹn. Ìlú tí bọ́ǹbù jó, kí ló yẹ kó ní?

Ẹ jẹ́ n dé orí géèmù kejì, SkyNET, nítorí ó kan owó àti àkókò yín. Ní 1996, ilé iṣẹ́ kan náà gbé SkyNET jáde. Géèmù tó dá dúró lòun náà, ìtàn tiẹ̀ yàtọ̀, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín láti jọ dojú ìbọn kọra, èyí tí kò sí nínú àkọ́kọ́. Fídíò àwọn òṣèré gidi wà láàárín àwọn iṣẹ́ ẹ̀, eré wọn ò gbóná, ẹ lè tẹ̀ é kọjá. Ṣùgbọ́n èrè tó wà lára ẹ̀ ni pé, bí ẹ bá ní méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà kan náà, SkyNET máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbá Future Shock ní 640 lórí 480. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún iye tótóòtó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé àbàwọ́n lásán ló rí lọ́ọ̀ọ́kán tẹ́lẹ̀, ẹ máa mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí èjìká. Bí ọwọ́ yín bá tẹ méjèèjì, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ní kékeré. Bó bá sì jẹ́ ẹyọ kan lẹ lè rí, Future Shock ni kẹ́ ẹ mú, ìlú tiẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Wọ́n máa sọ fún yín pé géèmù tuntun wà lórí ìtàn yìí kan náà. Lóòótọ́ ni, Terminator: Resistance jáde ní 2019, àwòrán ẹ̀ sì rẹwà nínú fídíò tí mo wò. Láptọ́ọ̀pù tèmi ò lè gbé e, tiyín náà lè má gbé e, ohun tí mò ń kọ yìí ò sì sí fún ẹni tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nìyí. Windows tòde òní kò gba géèmù DOS tààrà. DOSBox lẹ máa gbé sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2002, fáìlì ẹ̀ kéré, kò ní jẹ dátà yín. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ fi CD han DOSBox, ẹ fi géèmù náà sórí ẹ̀, ẹ wá lọ síbi ètò ohùn. Ẹ mú Sound Blaster, ìyẹn káàdì ohùn ayé ìgbà yẹn, kẹ́ ẹ sì fi àwọn nọ́ńbà tí wọ́n bá béèrè síbẹ̀ báyìí: àdírẹ́sì 220, IRQ 7, DMA 1. Ìyẹn ni DOSBox ń lò látilẹ̀, bí ẹ bá fi òmíràn síbẹ̀ ó lè yadi mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìró. Lẹ́yìn náà ni ti ìyára. Bí géèmù bá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹ di Ctrl mú kẹ́ ẹ tẹ F12 díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń sáré jù tàbí tí ohùn ń já, Ctrl àti F11 ló ń dín in kù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ ní kò ṣiṣẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì máa wo ojú ẹ̀. Ctrl àti F10 ló ń tú máòsì sílẹ̀ bí oníbàárà bá wọlé, Alt àti Enter ló ń jẹ́ kó kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Bátìrì mi ti rẹ̀, síbẹ̀ géèmù yìí kì í gbẹ ẹ́ tó bí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbẹ ẹ́. Fáànù máa kùn díẹ̀, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì ni ẹyọ kan ń ṣe, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí iná bá wà lẹ lè gbá a, ìgbà tí kò bá sí náà lẹ lè gbá a, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kankan lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Kò ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, kò ní kẹ́ ẹ rà ìbọn pẹ̀lú káàdì báńkì.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré gbá a. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ìṣòro ẹ̀, irin ló ń kú níbẹ̀ jù. Àwọn egungun yẹn ni. Àbúrò Ṣẹ́gun rí ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà lójijì, kò sì gbà kí wọ́n pa iná yàrá òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ sókè, ẹ lè jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ máa gbá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ẹ dín ìyára máòsì kù díẹ̀ kó má baà máa yí yín lójú, bí ẹ bá sì ti jáde sí gbangba, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹ wo orí gbogbo ilé tó yí yín ká.